Sí Dókítà Ọ̀la Tó Ń Gbọ́ Ohun Tí Kò Gbọ́

Dókítà Ọ̀la mi,

Mo kí ọ o. Mo kí kóòtù funfun rẹ tó ń dán. Mo kí stethoscope tí o gbé kọ́ ọrùn láti họ́sítẹ́ẹ̀lì, tí o gbé wọ kíláàsì, tí o gbé lọ jẹun, tí o gbé wọ dánfó, kí gbogbo ọkọ̀ lè mọ ẹni tó jókòó tì wọ́n. Mo sì kí ọ̀gá rẹ tó máa ń dúró lẹ́yìn rẹ tòun ti ìwé máàkì lọ́wọ́, nítorí òun gan-an ni o máa ń kí nígbà tí o bá dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn mi. Èmi ni mo wà lórí ibùsùn náà. O mọ àyà mi dáadáa. Ojú mi ni kò dá mi lójú pé o mọ̀.

Má bínú pé gbangba ni mo ti kọ lẹ́tà yìí sí ọ. Gbangba náà ni o ti ń bọ́ mi láṣọ.

Olùkọ́ ìṣirò ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọkàn mi ló wá sọ èmi fúnra mi di ìwé kíkà. Fáàfù kan tó yẹ kó máa pa dé lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ bá ti jáde láti inú ọkàn kò pa dé dáadáa mọ́; ẹ̀jẹ̀ tó ti jáde á tún sàn padà sẹ́yìn. Aortic regurgitation ni ẹ̀yin ń pè é. Dókítà tó ń tọ́jú mi ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀nà ọ̀fun dídùn ìgbà ọmọdé tí a kò tọ́jú ló fà á: kòkòrò streptococcus wọ ọ̀fun, ara gbé ìjà kò ó, ìjà náà sì ba fáàfù ọkàn jẹ́. Lọ́dọ̀ yín, wọn kì í pè mí lórúkọ. “Good AR” ni mò ń jẹ́. Bí ìdánwò àṣekágbá bá ti ń súnmọ́, ẹ̀ka yín á pè mí, wọn á fún mi lówó ọkọ̀ àti oúnjẹ ọ̀sán, èmi náà á wọ aṣọ tó rọrùn láti bọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí ju ìwọ lọ, gbogbo ìlànà rẹ̀ ló wà lórí mi. Kò sí ohun tí o ń wá lára mi tí mi ò lè darí ọwọ́ rẹ sí. Àmọ́ wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ sọ ọ́. Wọn kò ní mi ò gbọdọ̀ kọ ọ́.

Jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí o ti máa ń wọlé. O mọ̀ pé apá ọ̀tún aláìsàn ni dókítà ń dúró sí, ìyẹn dáa. Wàá wá ka Gẹ̀ẹ́sì kan tó ti há ọ sórí, gbaragbara, pé orúkọ rẹ ni báyìí, pé ọdún tó kẹ́yìn lo wà, pé wọ́n ní kí o wá yẹ ọkàn àti ìṣàn ẹ̀jẹ̀ mi wò, pé ṣé mo gbà. Kí n tó la ẹnu, ọwọ́ rẹ ti wà lára bọ́tìnnì mi. Ta lo bi ní ìbéèrè yẹn? Èmi kọ́. Bó bá jẹ́ èmi ni, wàá dúró gbọ́ ìdáhùn. Ìwọ tí o kò lè wọlé baba rẹ láìkí i, o dé ọ̀dọ̀ baba oníbaba, o kò lè sọ pé, “Ẹ kú ìrọ́jú, sà. Ara ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ yẹ̀ yín wò díẹ̀.” Kí o wá fọ ọwọ́, kí o sì fi ọ̀kan pa èkejì kí wọ́n gbóná. Ọwọ́ yín máa ń tutù jù. Ṣé inú yìnyín ni ẹ ti ń kàwé ni?

Lẹ́yìn ìyẹn, ìwé yín ní kí o lọ dúró níbi ẹsẹ̀ ibùsùn kí o kàn wò mí. Ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi ń sín ni púpọ̀ nínú yín ń lò níbẹ̀. Ẹ á ní kò sí ìnira kankan lára mi, ẹ á sì ti padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kí lo rí, ọmọ mi? Ṣé o rí àwọn ìrọ̀rí tí mo kó jọ sẹ́yìn nítorí pé èémí kì í dé bí mo bá sùn gbalaja? Ṣé o gbọ́ ọ pé mo ń sinmi láàárín gbólóhùn? Ṣé o rí ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà ní ibùsùn kejì, àpá gbọọrọ tó sọ̀kalẹ̀ láàárín àyà rẹ̀? O lè rò pé àlá ni, àmọ́ láti 1974 ni wọ́n ti ṣí àyà láti tún ọkàn ṣe ní Nàìjíríà, ní Enugu. Ẹni tí wọ́n bá ti tún fáàfù rẹ̀ ṣe kò ní dún lọ́nà kan náà pẹ̀lú ẹni tí wọn kò ṣe fún, nítorí náà àpá yẹn ti sọ ìdajì ìtàn fún ọ kí etí rẹ tó débẹ̀.

Nǹkan kan tún wà tó ń ṣẹlẹ̀ lára mi, ní gbangba, ní gbogbo ìgbà tí ọkàn mi bá lù. Ojú nìkan ló ń béèrè. Mi ò ní sọ ọ́ síbí. Ọgbọ́n olùkọ́ ni.

Gba ọwọ́ mi. Wo ẹ̀yìn rẹ̀, wo àtẹ́lẹwọ́, wo èékánná. Onímọ̀ nípa àìsàn ọkàn kan wà ní South Africa, Leo Schamroth lorúkọ rẹ̀. Kòkòrò wọ inú ọkàn òun fúnra rẹ̀, orí àwọn ìka rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wú, èékánná rẹ̀ ń tẹ̀. Ní 1976 ó kọ ọ́ síwèé pé bí ènìyàn bá gbé ẹ̀yìn èékánná ìka kan náà lọ́wọ́ ọ̀tún àti lọ́wọ́ òsì kanra, ó yẹ kí àlàfo kékeré kan wà láàárín wọn. Bí àlàfo náà bá ti dí, kí dókítà wádìí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú. Dókítà tó ń ṣàìsàn ló jókòó wo èékánná ara rẹ̀ títí tó fi rí èyí. Ìwọ tí ara rẹ le, o kò lè wo tèmi tán kí o tó máa wá òmíràn.

Bí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ mi ti dín, tàbí bóyá ara mi ń di aró nítorí àìtó afẹ́fẹ́, fi awọ ara mi sílẹ̀. Àwọn òyìnbó tó kọ ìwé yín, awọ ara tiwọn ni wọ́n ń wò. Tèmi dúdú, mo dúpẹ́. Fa awọ abẹ́ ojú mi sísàlẹ̀ kí o wo inú rẹ̀, kí o wo ahọ́n mi àti inú ètè.

Ìlù ọrùn ọwọ́ wá kàn. Àwọn kan nínú yín ń fi àtàǹpàkò kà á. Àtàǹpàkò ní ìlù tirẹ̀. Ẹni tó bá fi í kà lè máa ka ara rẹ̀ kó sì kọ ọ́ sábẹ́ orúkọ mi. Àwọn mìíràn ń fi fóònù wo ìṣẹ́jú. WhatsApp á wọlé, ojú wọn á yẹ̀, iye á sọnù, wọ́n á ní 72 ni. Gbogbo ẹni tí iye rẹ̀ bá sọnù mọ́ yín lọ́wọ́, 72 ni. Mo jẹ́ 72 lọ́jọ́ tí mo gun àtẹ̀gùn wọ́ọ̀dù nígbà tí ẹ̀rọ tó ń gbéni ròkè kò ṣiṣẹ́. Mo jẹ́ 72 lọ́jọ́ tí ibà fẹ́ẹ̀ gbé mi lọ. Ra aago ọwọ́, ọmọ mi. Kì í wọ́n tó kóòtù yẹn.

Iye nìkan sì kọ́ ni ìlù ń sọ. Wàá gbé apá mi sókè láti mọ̀ bóyá ìlù náà ń gbá ọ lọ́wọ́ tó sì ń já wálẹ̀ lójijì. Àmì àìsàn mi gan-an nìyẹn. Dominic Corrigan, dókítà kan ní Dublin, ti kọ̀wé nípa àìsàn náà láti 1832. Àmọ́ ìwé tó ní kí o gbé apá sókè ló ní kí o kọ́kọ́ bèèrè bóyá èjìká ń dun aláìsàn. Tèmi ń dùn mí. Pátákó ìkọ̀wé ló bà á jẹ́. Ìwọ kò bèèrè, o fà á sókè fiọ̀. Mo lọgun, ọ̀gá rẹ kọ nǹkan sílẹ̀, o sì fi ojú burúkú wò mí, èmi tí mo ni èjìká.

Ti itan náà ńkọ́? Mo mọ̀ pé o gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ kan ìlù ọrùn ọwọ́ àti ìlù orí itan lẹ́ẹ̀kan náà, kí o lè mọ̀ bóyá èyí tó wà nísàlẹ̀ ń pẹ́ dé, nítorí pé iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ti ọkàn wá lè fún lójú ọ̀nà. Kò burú. Ṣùgbọ́n sọ fún mi kí ọwọ́ rẹ tó gbéra. Àgbàlagbà kì í fẹ́ bá ọwọ́ ọmọdé pàdé níbẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀.

BP, inú ìwé nọ́ọ̀sì ni púpọ̀ yín ti ń kọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru ló wà níwájú àwọn ohun tó ń dá ọkàn lágara nílẹ̀ wa. Orí rẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Oladipo Akinkugbe ti Ìbàdàn fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ lé. Tèmi wá tún yàtọ̀. Láti 1905 tí Nikolai Korotkoff, dókítà ará Rọ́ṣíà, ti ṣàlàyé rẹ̀, ohun tí ẹ ń tẹ́tí sí ni ibi tí ìró ti bẹ̀rẹ̀ bí ẹ ṣe ń tú afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ náà sílẹ̀, àti ibi tó ti dákẹ́. Lára ẹni tó ní irú àìsàn mi, ó lè má dákẹ́. Ó lè máa dún títí tí ẹ̀rọ á fi dé òdo. Ọmọkùnrin kan gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ó wo ẹ̀rọ, ó jan án mọ́ àtẹ́lẹwọ́, ó tún mi wọ̀n, ó tún gbọ́ ọ dé òdo. Ó wá kọ 120/80 sílẹ̀. Òótọ́ wọ etí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó lé e jáde lẹ́ẹ̀mejì, torí pé kò jọ èyí tó wà nínú ìwé. Gbogbo ìgbà tí mo bá rántí ọmọkùnrin yẹn ni mo máa ń rẹ́rìn-ín, n óò sì tún wá dákẹ́, torí pé ó máa di dókítà ẹnì kan láìpẹ́.

Ní ti ọrùn, àánú yín ń ṣe mí. Wọ́n ní kí ibùsùn gbé mi sókè ní igun 45. Ọwọ́ tí wọ́n fi ń yí ibùsùn tèmi ti kán láti ayébáyé, ìrọ̀rí la fi ń ṣe é. Mo yí orí díẹ̀ sósì, mo dẹ ọrùn. Ìwọ á tẹ̀ ba, wàá máa wò ó bí ẹni tó dúró de mọ́tò ní ibùdókọ̀ tí mọ́tò kì í yà. Fara balẹ̀. Iṣan tí ò ń wá, èyí tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn, máa ń mì lẹ́ẹ̀mejì fún ìlù ọkàn kan, ìka kì í sábà mọ̀ ọ́n lára, bí o bá sì rọra tẹ ikùn mi lókè lápá ọ̀tún, á gòkè díẹ̀. Wàá wọn gíga rẹ̀ láti ibi ìkòríta eegun àyà. Bó bá ti ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3 sí 4 lọ, ó ti pọ̀. Èyí tó ń fò gbàgà, gbàgà, lọ́rùn mi, tí ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà pàápàá ń rí, iṣan mìíràn ni, èyí tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí orí. Òun ni ọ̀pọ̀ yín ń gbé rúlà tì. Ẹ á wá máa fi ìdùnnú sọ fún ọ̀gá pé JVP mi, ìyẹn gíga iṣan àkọ́kọ́ yẹn, ti lọ sókè. Mo bẹ̀ ọ́ pẹ̀lú, má fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ọ̀tún àti òsì ọrùn mi lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnì kan ṣe é fún mi rí, ojú mi ṣú. Ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ọpọlọ ló fún pa.

Ní ara ẹni tí ara rẹ̀ dá, ibi tí ọkàn ti ń gbún àyà níta ni àlàfo ìhà karùn-ún lápá òsì, lórí ìlà tó sọ̀kalẹ̀ láti àárín eegun tó so ọrùn mọ́ èjìká. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n; kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lè kà á lójú oorun. Ọkàn tèmi ti fẹ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀ tó ń padà sínú rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Ó ti kúrò níbi tí ìwé fi í sí, ó ti wà nísàlẹ̀, lápá abíyá. Ẹni tó bá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé mi láìní èrò kankan lọ́kàn, ibẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ á ti bá a, á sì ti ọwọ́ náà sókè. Ṣùgbọ́n wo ohun tí ẹ ń ṣe: ẹ á máa fi ìka ka ìhà, ẹ kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ibi ìkòríta eegun àyà tí ìhà kejì wà, ẹ á dé orí èyí tí ẹ pè ní karùn-ún, ẹ á dúró, ẹ á ní ibẹ̀ ló wà. Kò sí nǹkan kan tó ń lù lábẹ́ ìka yẹn. Ìwé lo yẹ̀ wò, èmi kọ́.

Wàyí o, stethoscope. Bí ọmọdé bá ní stethoscope tó àgbà, kò lè ní etí tó àgbà. Mo ti rí ẹni tó ki í bọ etí sódì, tí ẹnu rẹ̀ kọjú sẹ́yìn dípò iwájú. Mo ti rí ẹni tó gbé ojú fífẹ̀ lé àyà mi nígbà tó jẹ́ pé ojú kékeré, èyí tó rí róbótó bí agogo, ló ṣí. Ó dúró fún ìgbà pípẹ́, ojú rẹ̀ sì fara balẹ̀ débi pé èmi alára fẹ́ gbà á gbọ́.

Ìtàn ohun èlò yẹn dùn mọ́ mi. Ní 1816, nílé ìwòsàn Necker ní Paris, wọ́n mú ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó sanra wá sọ́dọ̀ René Laennec, ó jọ pé àìsàn ọkàn ló ń ṣe é. Láyé ìgbà náà, dókítà a máa gbé etí rẹ̀ lé àyà aláìsàn tààrà. Laennec wò ó, kò yẹ bẹ́ẹ̀. Ó ká ìwé róbótó, ó fi ẹnu kan rẹ̀ sí àyà ọmọbìnrin náà, ó fi etí ara rẹ̀ sí ẹnu kejì, ó sì yà á lẹ́nu pé ìró ọkàn hàn ketekete ju bó ti máa ń gbọ́ ọ lọ. Ìtìjú ló bí ohun tó ń fì lọ́rùn rẹ yẹn. Kí ló wá dé tí àwọn ìyá tí a jọ ń gba oúnjẹ ọ̀sán fi ń sọ fún mi pé gbayawu ni ẹ ń tú àwọn sí níwájú èrò, kọ́tìnnì ò sí, nọ́ọ̀sì ò sí, ọwọ́ ọmọkùnrin á kàn na wọ abẹ́ ọmú? Ní kí ìyá náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ọmú sókè. Á gbé e. Ó ti ń gbé e kí wọ́n tó bí ọ.

Ariwo tèmi, èyí tí ẹ̀yin ń pè ní diastolic murmur, rọra ń fẹ́ lẹ́yìn ìró kejì ọkàn. Bí o bá fẹ́ gbọ́ ọ, wàá ní kí n dìde jókòó, kí n tẹ̀ síwájú, kí n mí síta, kí n dá èémí dúró, ìwọ á sì fi ojú fífẹ̀ lé etí òsì eegun àyà mi. Ẹ mọ èyí dáadáa. “Daddy, ẹ mí sínú. Ẹ mí síta. Ẹ dúró bẹ́ẹ̀.” Daddy á dúró. Ẹ á sún stethoscope lọ, ẹ á sún un bọ̀, ẹ á di ojú, ẹ á fún iwájú orí pọ̀. Kò sẹ́ni tó máa rántí pé kí Daddy mí. Mò ń wo ògiri, ògiri ń di méjì. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ìwọ náà dá èémí dúró pẹ̀lú mi. Ìgbà tó bá ń pa ọ́, á ti pa mí tipẹ́.

Ọ̀gá rẹ á wá bi ọ́ ní ohun tí o gbọ́. Ibẹ̀ ni mo ń lọ látàárọ̀. “Sir, murmur wà níbẹ̀.” Ojú ọ̀gá kò yí. “Systolic murmur, sir.” Ọ̀gá gbé ìpéǹpéjú. “Àti diastolic, sir.” Ọ̀gá mí kanlẹ̀. “Diastolic ni, sir!” Ọmọ mi, mo ti ṣọ́ yàrá ìdánwò títí irun mi fi funfun. Láti ẹ̀yìn kíláàsì ni mo ti ń dá ẹni tó ń jí ìdáhùn wò mọ̀. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín nínú tiyín ni pé ojú ọ̀gá ni ẹ ti ń jí i, bẹ́ẹ̀ abẹ́ ọwọ́ yín ni ìdáhùn náà wà, tó ń mí, tó ń lù, tí wọ́n sì fún lówó ọkọ̀ kó lè wá.

Mo gbà pé ara mi kò ràn yín lọ́wọ́. Ohun tí mo ní mi ò ní sọ lẹ́ẹ̀kan nìyí: orí mi ń mì. Ní gbogbo ìgbà tí ọkàn mi bá ti ẹ̀jẹ̀ jáde, orí mi á mì díẹ̀ bá a. Alfred de Musset, akéwì ará Faransé, ní irú rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni ẹ sì fi ń pe àmì náà títí dòní. Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kan nínú yín ń ròyìn mi fún ọ̀gá. Ó ní fáàfù tó fún ló ń dà mí láàmú. Ó wojú mi, orí mi ń mì. Ó rò pé mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ara rẹ̀ yá gágá. Ó ní ẹ̀dọ̀ mi ti wú; orí mi ń mì. Ó ní ẹsẹ̀ mi wú dé orúnkún. Orí mi ń mì. Kò ká ṣòkòtò mi sókè wo ẹsẹ̀ kankan. Ó rẹ́rìn-ín sí mi nígbà tó ń lọ, ó ní, “Ẹ ṣé gan-an, sà.” Àmì àìsàn mi ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ níwájú ojú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó rò pé mò ń fún òun ní máàkì.

Má rò pé ìwọ nìkan ni. Ní 1997, Salvatore Mangione àti Linda Nieman tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA ní Amẹ́ríkà. Wọ́n gbé ìró ọkàn tí wọ́n gbà sílẹ̀ fún àwọn dókítà tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ sí i àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́. Nínú ìró márùn-ún, nǹkan bí ọ̀kan ni wọ́n ń dá mọ̀. Àwọn dókítà tó ti ń gba owó oṣù wà lára wọn o. Nítorí náà, bí o kò bá gbọ́, o ní ẹlẹgbẹ́. Kí ni ń bẹ nínú kí o sọ bẹ́ẹ̀?

Mo mọ ohun tí o fẹ́ sọ: “Daddy, echo máa fi hàn.” Ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ọkàn yẹn á fi hàn lóòótọ́, òun ló fi ìdí tèmi múlẹ̀. Àmọ́ apò mi ni mo ti sanwó rẹ̀, ọjọ́ tí mo sì kọ́kọ́ lọ, iná kò sí, a jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú, wọ́n ní ká padà wá. Nígbà tí o bá lọ ṣe àgùnbánirọ̀ ní ìlú kan tí echo tó súnmọ́ ọ jùlọ wà ní ìpínlẹ̀ kejì, tí ọmọdé kan jókòó síwájú rẹ tí èémí rẹ̀ ń sáré, ta ni wàá máa wo ojú rẹ̀? Ọ̀gá kò ní sí níbẹ̀. Ìwọ ni ọ̀gá.

Mo ti rí ẹnì kan tó sọ ọ́. Ọmọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni. Ọ̀gá bi í, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Sir, mi ò gbọ́ nǹkan kan.” Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wo ilẹ̀. Ọ̀gá náà, ẹni tí mi ò rí ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀ rí, fi ìwé máàkì sílẹ̀, ó mú ọwọ́ ọmọ náà, ó sún un sí ibi tó yẹ, ó ní kí n tẹ̀ síwájú sí i, ó ní kí àwọn tó ń jẹ ẹ̀pà nídìí fèrèsé dákẹ́. Ọmọ náà tẹ́tí. Ojú rẹ̀ yí padà kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ó wà níbẹ̀!” bó ti rí gan-an, kò rántí “sir” mọ́. Ó tún gbọ́ ẹ̀yìn mi níbi ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, ó tẹ ìdí ẹ̀yìn mi àti ọrùn ẹsẹ̀ mi wò bóyá omi ti kó síbẹ̀, ó wá bá mi de bọ́tìnnì padà. Ẹ̀yin ìyókù, fún ìmọ̀ yín, bọ́tìnnì ẹ̀wù mi tí ẹ ń tú ṣeé dé padà.

Wọ́n ti pè mí fún ti ọdún yìí, màá wá. Bó bá kàn ọ́, fi ọwọ́ kan pa èkejì, kí mi, dúró níbi ẹsẹ̀ ibùsùn kí o wò mí dáadáa. Nísinsìnyí tí o ti mọ̀ nípa orí mi, máàkì kan ti wọ àpò rẹ. Má sọ fún ọ̀gá pé èmi ni mo sọ ọ́. Bó bá bi mí, màá sẹ́, orí mi nìkan ló máa ní bẹ́ẹ̀ ni.

Èmi ni tìrẹ,

“Good AR”, ibùsùn tó wà nídìí fèrèsé.

Àlẹ̀mọ́: Bá mi sọ fún ẹ̀ka yín pé ìrẹsì ti ọdún tó kọjá kò lẹ́ran. Mi ò lè máa mí síta kí n sì dúró bẹ́ẹ̀ lórí ìrẹsì tí kò lẹ́ran.